Olórúnkún Ni Mo Rà

Iná ọba ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, bátìrì fóònù mi ti ń fi àmì pupa hàn, ọjà oníjà yóò sì tì láago méjìlá òru. Owó tó wà lọ́wọ́ ilé mi kò ju 6,200 denarius (owó Róòmù inú géèmù mi) lọ. Èèyàn márùn-ún ló wà lórí àtẹ. Rírà di dandan, nítorí oníjà tí mo gbójú lé ti kú lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹni méjì péré ló sì ṣẹ́ kù sílé.

Kí ẹni tí kò mọ irú géèmù yìí má bàa sọnù sọ́nà: eré àwọn gladiator ni, àwọn oníjà Róòmù ayé ijọ́un tí wọ́n ń fi idà dá aráàlú lára yá nínú pápá. Ẹni tó ń gbá géèmù náà kọ́ ló ń jà. Òun ni lanista, ọ̀gá tó ni ilé-ìjà. Òun ló ń ra èèyàn, òun ló ń bọ́ wọn, òun ló ń gba olùkọ́ àti oníṣègùn, òun náà ló ń fi wọ́n yá àwọn tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó eré fún ìlú wọn. Tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí bọ́tìnì kankan láti tẹ̀ mọ́. Ìran lẹ máa wò, àyà yín á sì máa lù kìkì. Gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀, ọjà ló ti ń parí.

Ọjà náà ló sì ti gbò mí jìgìjìgì. Ní oṣù kọkànlá ọdún kejì mi (ọdún inú géèmù ni mò ń sọ o, kì í ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ), mo kó 7,000 lé ọkùnrin kan tó ti borí nígbà 19. Férémù wúrà ló yí àwòrán rẹ̀ ká. Mo fi í yangàn fún àbúrò mi. Ìjà àkọ́kọ́, ó borí. Nígbà tó di ìkejì, ìlú kan tó ń sanwó gidi ní àjàkú làwọn fẹ́, ìyẹn ni pé kò ní sí àánú fún ẹni tó bá ṣubú. Mo rí owó, mo tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni”. Ìjà náà kò pé ìṣẹ́jú kan. Ọmọ ilẹ̀ Gaul (Faransé lónìí) kan tí kò tíì borí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ló gba abẹ́ asà gún un. Owó 7,000 wọmi. Àbúrò mi na ọrùn wo fóònù, ó rọra sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìnáwó o.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé mo gbé géèmù tì fún ọjọ́ mélòó kan, mo wá ń ka bí àwọn ará Róòmù fúnra wọn ṣe ń ṣòwò yìí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe géèmù ló rẹ́ mi jẹ ni, àbí èmi ni mi ò mọ ọjà.

Èmi ni mi ò mọ ọjà.

Amòfin kan wà ní Róòmù ní ọ̀rúndún kejì, Gaius lorúkọ rẹ̀. Ìwé tó kọ fún àwọn tó ń kọ́ òfin sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ṣàdéédéé rí i ní Verona ní Ítálì lọ́dún 1816. Ọ̀rọ̀ oníjà wà nínú rẹ̀. Ó ní: ká ní mo kó oníjà fún ọ, a jọ ṣàdéhùn pé wàá san 20 denarius lórí ẹnikọ̀ọ̀kan tó bá jáde láìfarapa, àmọ́ wàá san 1,000 lórí ẹni tó bá kú tàbí tó di aláàbọ̀ ara. Ṣé mo tà wọ́n fún ọ ni, àbí mo fi wọ́n yá ọ? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tó bá jáde ní àlàáfíà, a fi yá ọ ni. Ẹni tó bá kú, o ti rà á nìyẹn. Àfi kí ìjà parí kéèyàn tó mọ èyí tó jẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀. Ìlọ́po 50 ni 1,000 jẹ́ sí 20. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé olówó oníjà ń retí kí èèyàn rẹ̀ wọlé kó sì jáde lọ́pọ̀ ìgbà, kó máa mú 20, 20 wálé. Ẹni tó ra ọ̀kadà láti fi ṣiṣẹ́ kì í kọ́kọ́ béèrè bó ṣe ń sáré tó, iye ọjọ́ tó máa fi wà lójú títì láìwọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló ń béèrè. Èmi ti kó 7,000 ra ọ̀kadà tó ń sáré, mo wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀kadà kọlu ògiri.

Nígbà tí mo padà sọ́jà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú tí mo fi wo àtẹ ti yàtọ̀.

Ẹni tó wà lókè pátápátá, Gbajúmọ̀ ni mo sọ ọ́. (Mo máa ń fún wọn lórúkọ tèmi, orúkọ Látìn inú géèmù kì í rọ̀ mí lẹ́nu.) Murmillo ni, àwọn alásà gàgàrà tí akoto wọn ní ògbe lórí. Ọmọ ọdún 31. Ó ti jà nígbà 17, ó borí nígbà 15. Iye tí wọ́n ń pè é jẹ́ 5,800, oúnjẹ àti ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ 90 lóṣù. Férémù wúrà tún ni. Àbúrò mi ti ń nawọ́ sí i.

Àwọn méjì kan wà tí wọ́n dì pọ̀ ní 2,600, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Aláwọ̀n ni àwọn méjèèjì, àwọn tí wọ́n ń pè ní retiarius, tó ń fi àwọ̀n àti ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta jà láìdé akoto. Mo ti ní aláwọ̀n kan nílé, wọn kì í sì í kó aláwọ̀n pàdé aláwọ̀n. Mo fojú fò wọ́n.

Ẹni kẹrin ni Olórúnkún. Ọmọ ọdún 26, secutor, ìyẹn ẹni tí wọ́n máa ń kó pàdé aláwọ̀n: akoto rẹ̀ dán, ó ń yọ̀ bí ẹyin, kí àwọ̀n má bàa rí ibi gbá mú, ihò kóńkó méjì péré ló sì ní fún ojú. Géèmù ya báńdéèjì sí orúnkún òsì rẹ̀ láti fi hàn pé ọgbẹ́ àtijọ́ wà níbẹ̀. Ó ti jà nígbà 9. Ó borí nígbà 4. Wọ́n ń pè é ní 1,400, ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ 60 lóṣù. Bí ẹ bá jẹ́ kí géèmù to àtẹ yẹn fún yín láti orí ẹni tó dára jù, ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ ti máa rí i, nítorí ìdá ìjà tó borí nìkan ni géèmù ń wò.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìlà kan máa ṣí jáde tó ní àwọn idà kéékèèké. Aláwọ̀ ewé ni ti ìjà tó borí. Aláwọ̀ eérú ni ti èyí tí àwọn méjèèjì ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí ìjà parí. Pupa ni ti èyí tó ti ṣubú tí wọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ti Olórúnkún jẹ́ ewé mẹ́rin, eérú mẹ́ta, pupa méjì. Ẹni yìí ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì náà làwọn èèyàn ní kó máa lọ. Ó sì wà lórí ìdúró títí ilẹ̀ fi ṣú nígbà mẹ́ta mìíràn. Nínú ìjà 9, kò sí èyí tí wọn kò san owó ìyálò rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀.

Mo rántí òkúta Flamma. Ní Palermo ní erékùṣù Sicily ni wọ́n ti rí i, òkúta sàréè oníjà kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Síríà, secutor lòun náà. Ohun tí wọ́n kọ sí i kò ju ìlà mélòó kan lọ: ó lo 30 ọdún láyé, ó jà nígbà 34, ó borí nígbà 21, ó dúró láìsí olúborí nígbà 9, wọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ sí nígbà 4. Ẹnìkejì rẹ̀ nílé-ìjà, Delicatus, ló ṣe òkúta náà fún un. Ẹ bá mi gbé Flamma sórí àtẹ géèmù yìí. Ìjà 21 nínú 34, ìyẹn kò pé méjì nínú mẹ́ta. Férémù idẹ ni wọ́n máa fi yí i ká, a ó sì máa fò ó láti wá Gbajúmọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ olówó rẹ̀ gba owó nígbà 34! Bí oníjà ṣe ń ṣubú ni nǹkan tó yẹ kéèyàn rà, ohun tí ọjà kì í sì í fowó lé rárá nìyẹn.

Ẹni karùn-ún, Ọ̀dọ́. Ọmọ ọdún 19, kò tíì jà rí, 900, ìtọ́jú 40 lóṣù. Ìtàn tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ ni pé ọmọ onílùú ni, gbèsè ló mú un fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará Róòmù ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní auctoratus. Ìwọ̀fà lèmi kọ́kọ́ pè é, kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣe déédéé: ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ oko olówó, ó ń padà sílé ara rẹ̀. Ẹni yìí búra pé kí wọ́n sun òun níná, kí wọ́n dè òun, kí wọ́n nà òun, kí wọ́n fi irin pa òun. Mi ò ní purọ́, ìka mi máa ń wúwo ní ìdí bọ́tìnì “Rà” yẹn nígbà mìíràn. Ẹni tó bá ti dé Àgbádárìgì rí á mọ ìdí rẹ̀.

Ẹja ni àbí àkàn, kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa ẹni tí kò jà rí. Ògiri ibojì kan wà lẹ́yìn ẹnubodè Nuceria ní Pompeii, ìlú tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79, níbi tí ẹnì kan ti fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó ya oníjà sí, tó sì kọ àbájáde ìjà sí ẹ̀gbẹ́ orí wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Marcus Attilius. Lẹ́tà T ló wà lára orúkọ rẹ̀, tiro, ẹni tó ń jà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n kó pàdé rẹ̀ ni Hilarus, láti ilé-ìjà ọba Nero, tó ti jà nígbà 14, tí adé rẹ̀, ìyẹn ìjà tó borí, sì lé ní 10. Attilius borí. Wọ́n dá ẹ̀mí Hilarus sí. Ẹ wo ìjà rẹ̀ kejì: Raecius Felix, ìjà 12, adé 12, kò fìdí rẹmi rí. Attilius tún borí. Ẹni tó kó Attilius wá láàárọ̀ ọjọ́ ìjà àkọ́kọ́ yẹn, owó táṣẹ́rẹ́ ló lè gbà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìjà kejì, ẹ má bi mí.

Ṣùgbọ́n Attilius kan la mọ̀. Àwọn tiro tó kú sí ìjà àkọ́kọ́, ta ló fẹ́ ya àwòrán wọn sára ògiri? Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ara mi pé Ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ilé máa gbára lé. Kó jẹ́ ẹ̀ni.

Mo wá yíjú sí Gbajúmọ̀, nítorí àbúrò mi kò yé sọ̀rọ̀ rẹ̀. “Ẹ ò rí i ni? Ìjà 15!” Mo ní ṣé ó mọ̀ pé tó bá jẹ́ ní Róòmù, owó tí wọ́n ń pe ọkùnrin yẹn lòdì sófin. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

Ní nǹkan bí ọdún 177, nígbà tí Marcus Aurelius àti ọmọ rẹ̀ Commodus jọ ń jọba, ilé aṣòfin Róòmù fi òfin dí iye tí wọ́n lè ta oníjà. Wọ́n rí i kà lára pátákó idẹ kan tó jáde láti inú ilẹ̀ lọ́dún 1888 ní Italica, nítòsí Seville ní Sípéènì. Madrid ni idẹ náà wà báyìí. Ohun tó fà á ni pé àwọn àlùfáà àtàwọn olóyè ìlú ń jẹ gbèsè kú nítorí eré. Oyè tó bá jẹ mọ́ ìnáwó eré ti di ohun tí ọlọ́rọ̀ ń sá fún. Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ nípa ọkùnrin kan ní Gaul tí wọ́n fi jẹ àlùfáà, tó ti pẹjọ́ kí wọ́n yọ òun, àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé ọba ti mú owó-orí kúrò lórí títa oníjà, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fagi lé ẹjọ́ òun. Owó-orí náà kò kéré: ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ìjọba ń yọ, ó sì ń tó 20 sí 30 mílíọ̀nù sestertius, owó Róòmù mìíràn, lọ́dún.

Bí wọ́n ṣe to iye owó náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Wọ́n kọ́kọ́ wo bí ìnáwó ṣe tóbi tó, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pín oníjà sí ipò. Níbi ìnáwó 30,000 sí 60,000 sestertius, ẹni tó dára jù kò gbọdọ̀ ju 5,000 lọ, ẹni tó kẹ́yìn kò gbọdọ̀ ju 3,000 lọ. Níbi ìnáwó tó ga jù lọ, 150,000 sókè, ẹni ipò kìíní kò gbọdọ̀ ju 15,000 lọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kí ìdajì àwọn tó máa jà lójúmọ́ jẹ́ àwọn gbáàtúù, tí iye wọn wà láàárín 1,000 sí 2,000. Sestertius mẹ́rin ló wà nínú denarius kan. Gbajúmọ̀ tí wọ́n ń pè ní 5,800 denarius, 23,200 sestertius nìyẹn. Ó ti kọjá iye tí Róòmù gbà fún ẹni tó dára jù níbi ìnáwó tó tóbi jù. Iye Olórúnkún jẹ́ 5,600, ó ju ti ẹni tó dára jù níbi ìnáwó kékeré lọ díẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun lẹni tí iye rẹ̀ dún bí ọjà gidi sí mi létí.

Òfin yẹn tún kọ́ mi ní nǹkan tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀: ìnáwó kékeré kò lè sanwó Gbajúmọ̀, bó ti wù kó gbajúmọ̀ tó. Nínú géèmù mi pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìlú kékeré ń san 150 láti yá oníjà, wọ́n á fi 250 kún un tó bá borí. Wọn kì í wo ojú ẹni. Ìnáwó ńlá ń san 500, wọ́n á fi 700 kún un, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún, ẹni tí adé rẹ̀ kò bá sì tó 10 kò lè wọbẹ̀.

Mo fa bébà yọ, mo wá báírò.

Gbajúmọ̀: 5,800, ìtọ́jú ọdún kan 1,080, àròpọ̀ 6,880. Ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún gbọ́dọ̀ sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìjà kan, nítorí náà ìjà 8 ni mo lè rí lára rẹ̀. 860 ni ìjà kan máa ná mi. Ká tiẹ̀ ní ó borí nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mẹ́rin ní ìnáwó ńlá, mẹ́rin ní kékeré, 6,400 ló máa mú wálé. Kò tíì kájú owó tí mo ná. Tí n bá tún un tà ní ìparí ọdún, ó ti di ọmọ ọdún 32, iye rẹ̀ ti já sí ìdajì, 2,900. Èrè mi á wá jẹ́ 2,420, tí kò bá fìdí rẹmi rárá, tí kò sì farapa. Tó bá kú ńkọ́? Ó ku 400 nílé fún ẹnu méjì tó ń jẹun.

Olórúnkún: 1,400, owó oníṣègùn fún orúnkún 300, ìtọ́jú 720. 2,420 fún ìjà 10. 242 lórí ìjà kan.

Ọ̀dọ́: 900 àti ìtọ́jú 480. Oṣù mẹ́ta ló máa fi kọ́ṣẹ́, ó ku bíi ìjà 7. Kò tó 200 lórí ìjà kan.

Owó ìtọ́jú yìí, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀ o. Géèmù máa ń bi yín bóyá ẹran lẹ fẹ́ fún wọn àbí ọkà báálì. Ẹran ni mo máa ń fún tèmi tẹ́lẹ̀, mo rò pé jagunjagun gbọ́dọ̀ jẹ ẹran. Àṣé orúkọ ẹ̀sín tí àwọn ará Róòmù fún oníjà gan-an ni hordearii, àwọn ọ̀jẹ-báálì. Wọ́n rí itẹ́ òkú àwọn oníjà ní Éfésù ní ilẹ̀ Tọ́kì lọ́dún 1993, àyẹ̀wò egungun wọn sì fi hàn pé ọkà àti ẹ̀wà ni wọ́n fi ń gbéra. Ọjọ́ tí mo ka èyí ni mo yí gbogbo ilé sí báálì. Èmi kọ́ ni màá ju Róòmù lọ.

Ìdí kan tún wà tí mi ò ní kọ sórí bébà: mo ti ní aláwọ̀n nílé. Tí mo bá ní secutor, ẹni tó bá fẹ́ ìjà aláwọ̀n àti secutor á yá àwọn méjèèjì lọ́wọ́ mi. Èyí tó bá wù kó borí, èmi ni mo ni ín.

Ó ku ìdajì wákàtí kí ọjà tì nígbà tí wọ́n sọ Gbajúmọ̀ di gbàǹjo. Ilé-ìjà mìíràn ti ń fowó lé e: 5,850, 5,900. Ẹ̀ẹ̀kan tí ìka bá kàn án, ẹ ti fi kún owó nìyẹn. Àbúrò mi ní, “Ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.” Mo gba fóònù mi. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe Aponius Saturninus? Ọba Caligula ń lu oníjà ní gbàǹjo nígbà kan, Saturninus jókòó, oorun gbé e, orí rẹ̀ ń lọ sókè-sódò. Ọba ní kí ẹni tó ń kéde owó má fojú fo ọ̀gbẹ́ni tó ń mi orí sí i yẹn. Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa lajú, ó ti ra oníjà 13 ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án sestertius. Tẹ́ ẹ bá pín in, orí kan ju 690,000 lọ, ìyẹn ju ìlọ́po 40 iye tí òfin ọdún 177 wá fi dí ẹni tó dára jù lọ.

Gbajúmọ̀ lọ ní 6,050. Mo ra Olórúnkún àti Ọ̀dọ́, mo san owó oníṣègùn. 3,600 ló ṣẹ́ kù. Àbúrò mi ní ẹni tó bá ra ọ̀pọ̀ ẹran á jẹ egungun. Mo ní omi ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi egungun sè.

Kí n má parọ́, ìbẹ̀rẹ̀ kò dùn. Ìjà àkọ́kọ́ tí Olórúnkún jà, ó fìdí rẹmi. Ọ̀kọ̀ ọ̀tá gbá orúnkún òsì yẹn gan-an, ó wólẹ̀, ó ju asà sílẹ̀, ó gbé ìka kan sókè bí àwọn oníjà ṣe máa ń ṣe láti tọrọ àánú. Mi ò lè wò ó. Ariwo àwọn òǹwòran ni mo kọ́kọ́ gbọ́, nígbà tí mo lajú, ó ti ń tiro jáde, wọ́n sì ti san 150 fún mi. Idà pupa kẹta. Láti ìgbà yẹn ó borí mẹ́ta léra. Ní ìparí ọdún, nínú ìjà 10, ó borí 6, ó dúró láìsí olúborí ní 2, ó ṣubú ní 2, wọ́n dá a sí nínú méjèèjì.

Ọ̀dọ́ ni ìṣirò mi kò bá mu. Ó kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ó wọ pápá, ó borí lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ń pè é ní Attilius. Nínú ìjà kẹta, wọ́n ṣá a lápá. Ìjà 7 tí mo kọ sílẹ̀ di 3, ó sì dùbúlẹ̀ títí ọdún fi parí. Mo fi 200 kún owó oníṣègùn. Owó yẹn kò dùn mí rárá, nítorí mo ti ka ti Galen, oníṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníjà ìlú Pergamum lọ́dún 157, tó ń fọ́nnu pé àwọn tó kú lọ́wọ́ òun kò tó àwọn tó kú lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú òun. Àlùfáà tó gbà á síṣẹ́ mọ ohun tó ń ṣe: oníṣègùn kò wọ́n tó òkú.

Gbajúmọ̀ ńkọ́? Ó ṣe dáadáa lọ́hùn-ún. Mo máa ń rí orúkọ rẹ̀ níbi gbogbo ìnáwó ńlá, ilé tó rà á sì ń gbòkìkí, tèmi kò kúrò ní ìlú kékeré. Ẹ̀dùn ọkàn gidi ni. Nínú géèmù yìí, òkìkí ló ń ṣílẹ̀kùn ìlú ńlá, Olórúnkún kò sì lè fún mi ní ìyẹn. Ẹni tí òkìkí bá jẹ lógún, tí owó rẹ̀ sì tó kó pàdánù 6,000 láìsunkún, kó ra Gbajúmọ̀, mi ò ní bá a jà.

Ìwé owó mi rèé ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Olórúnkún mú 3,000 wálé, Ọ̀dọ́ mú 950. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì àti oníṣègùn gbé 1,400. Bí ọdún ṣe ń parí, ilé-ìjà mìíràn na ọwọ́ sí Olórúnkún ní 2,300, nítorí adé rẹ̀ ti di 10, férémù rẹ̀ sì ti yí padà. Orúnkún òsì kò tíì san, èmi ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tà á. Owó ọwọ́ mi di 8,450, èrè 2,250, Ọ̀dọ́ sì ṣì wà nílé, ọjà ti ń pe òun náà ní 2,000. Bí Gbajúmọ̀ bá borí nínú gbogbo ìjà, 2,420 ni ì bá fún mi. Ọdún tí ọ̀kan nínú àwọn méjì mi fi ìdajì rẹ̀ dùbúlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ọdún tí kò sí àbùkù kankan.

Oṣù kìíní ọdún kẹrin, apá Ọ̀dọ́ ti jinná. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó wọlé, ìlú kan ló fẹ́ yá a, wọ́n ń san 900. Mo ṣí i láti wo ẹni tí wọ́n máa kó pàdé rẹ̀. Secutor, ọmọ ọdún 27, báńdéèjì lórúnkún òsì. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àjàkú ni, ṣé mo gbà?

Àbúrò mi ń wò mí. Mo tẹ “Rárá”.